Kí la óò fi lẹ họ́dà fóònù mọ́ dáṣíbọ́ọ̀dù ọkọ̀? Ìfiwéra àwọn gọ́ọ̀mù àti tépù

Orí eré ni mo wà lọ́jọ́ tí họ́dà fóònù mi já. Fóònù ń júwe ọ̀nà fún mi lọ́wọ́, àfi pàá tó já lulẹ̀, ó sì yí lọ sábẹ́ búrẹ́kì. Mo tẹ búrẹ́kì, kò wọlé dáadáa. Mo dúpẹ́ pé kò sí ọkọ̀ kankan nítòsí níwájú mi. Nígbà tí mo délé, mo wá gọ́ọ̀mù tí wọ́n kọ ọ́ sára rẹ̀ pé ó le jù lọ, mo fi lẹ̀ ẹ́ padà. Kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tó tún fi já. Lọ́tẹ̀ yìí, ó fi àbàwọ́n funfun sílẹ̀ lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, àbàwọ́n náà sì wà níbẹ̀ títí dòní.

Ìbéèrè tí mo bi ara mi nígbà náà ló ṣì mí lọ́nà. Èwo ló le jù ni mo bèèrè. Ó yẹ kí n kọ́kọ́ bèèrè ohun tí mo fẹ́ lẹ họ́dà mọ́, bí ibẹ̀ ṣe ń gbóná tó, àti ọ̀nà tí ẹrù náà ń gbà fa gọ́ọ̀mù. Ọ̀rọ̀ fóònù ni mo fi ń sọ ọ́ níhìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀kan náà ni fún GPS, kámẹ́rà inú ọkọ̀ àti tábúlẹ́ẹ̀tì.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ike tí ẹ ní

Gbogbo rẹ̀ là ń pè ní ike, ṣùgbọ́n ìdílé rẹ̀ pọ̀. Èyí tó wọ́pọ̀ gan-an nínú dáṣíbọ́ọ̀dù ni polypropylene, tí wọ́n ń pè ní PP, tí wọ́n sábà máa ń pò mọ́ rọ́bà EPDM àti ìyẹ̀fun tálíkì. Ìdílé kejì ni ABS àti àdàlù PC+ABS, èyí tí ẹ óò máa rí níbi tó le koránkorán tàbí tó ń dán. Àwọn ọkọ̀ mìíràn sì tún fi nǹkan rírọ̀ bo ike náà lójú. Ó lè jẹ́ PVC, ó lè jẹ́ TPO, polyurethane, tàbí awọ ẹran gidi.

PP ló máa ń dójú ti gọ́ọ̀mù. Ohun olómi kì í fẹ́ tẹ́ sí i lára, bẹ́ẹ̀ gọ́ọ̀mù tí kò bá tẹ́ sára nǹkan kò lè dì í mú. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ìlẹ̀mọ́ ní òṣùwọ̀n fún èyí, bó bá ṣe ga tó ni gọ́ọ̀mù ṣe ń rọrùn láti tẹ́ sí i tó: PP wà ní nǹkan bí 30 mN/m, ABS wà ní nǹkan bí 42, irin àti gíláàsì tó mọ́ sì jìnnà sókè, wọ́n ń lọ sí ọgọ́rọ̀ọ̀rún. Ẹ kò nílò ẹ̀rọ kankan láti mọ èyí tí ẹ ní. Ẹ fọ ibẹ̀ mọ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ wá kán omi kan sí i. Bí omi náà bá ká jọ róbótó bí omi ojú ewé kókò, ike tó kórìíra gọ́ọ̀mù nìyẹn. Bó bá tẹ́ sílẹ̀ pẹrẹsẹ, iṣẹ́ yín rọrùn.

Ẹ̀rí tó tún dájú jù bẹ́ẹ̀ lọ wà lẹ́yìn ike fúnra rẹ̀. Ẹ yọ ìdérí kékeré kan tó ṣeé yọ, tàbí kí ẹ yẹ ẹ̀yìn pígínóólù wò. Àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ sábà máa ń tẹ orúkọ ike síbẹ̀ láàárín àmì méjì, bí irú >PP+EPDM-TD20< tàbí >ABS<. TD20 yẹn ń sọ fún yín pé ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ jẹ́ tálíkì. Ẹ má gbàgbé pé orí ibi tí ẹ ti rí i nìkan ni àmì náà ń sọ̀rọ̀ lé. Òkè dáṣíbọ́ọ̀dù lè jẹ́ ohun mìíràn.

Ooru àti òróró

Ní ọdún 2018, àwọn olùwádìí Arizona State University ní Amẹ́ríkà gbé ọkọ̀ sínú oòrùn ẹ̀ẹ̀rùn fún wákàtí kan, wọ́n sì wọn ooru inú wọn. Afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀ tó 47°C ní ìpíndọ́gba. Dáṣíbọ́ọ̀dù tó 69°C. Nọ́ńbà kejì yìí ni ẹ óò máa rántí nígbà tí ẹ bá ń ka ẹ̀yìn páálí gọ́ọ̀mù, nítorí ohun tí wọ́n ṣe láti fi gbé àwòrán kọ́ ògiri yàrá kò mọ irú ooru bẹ́ẹ̀ rí.

Ọ̀tá kejì ni òróró tí a fi ń mú dáṣíbọ́ọ̀dù dán. Púpọ̀ nínú wọn ní silicone nínú, silicone sì máa ń di àwọ̀ tín-ín-rín tí ojú kì í rí. Tépù yóò lẹ̀ mọ́ òróró náà, kò ní kan ike rárá. Ọ̀pọ̀ ìgbà tí ènìyàn bá ní "tépù yìí ò dáa", òróró yìí ló fà á.

Bíbó ló ń já họ́dà

Ẹ mú páálí kan tí wọ́n fi tépù dì. Ẹ di etí tépù náà mú, kí ẹ fà á gbọọrọ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ láìgbé e sókè. Kò ní mira. Ẹ wá fi èékánná ṣí igun rẹ̀ kan sókè díẹ̀, yóò bó wẹ́rẹ́ bí èèpo ọsàn. Agbára tépù kò yí padà láàárín ìgbà méjèèjì. Ọ̀nà tí ẹ gbà fà á ló yàtọ̀.

Họ́dà tó ní ọrùn gígùn ń bó gọ́ọ̀mù rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí táyà bá bọ́ sí kòtò. Fóònù tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 15 sókè ìdí họ́dà ń fa ìdí náà ní ìlọ́po mẹ́ta èyí tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 5. Nítorí náà, họ́dà kúkúrú tí ìdí rẹ̀ fẹ̀ máa ń ṣe yín lóore ju gọ́ọ̀mù tó wọ́n lọ, mo sì gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ wo ìdí họ́dà kí ẹ tó wo ohunkóhun mìíràn.

Ẹ wò wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn

| Ohun ìlẹ̀mọ́ | Lójú PP | Lójú ABS | Nínú ooru | Nígbà yíyọ |
|---|---|---|---|---|
| Tépù fóòmù acrylic (irú VHB ti ilé iṣẹ́ 3M) | Ó dáa, bí ẹ bá yan irú tó bá a mu | Ó dáa gan-an | Ó fara dà á | Ó gba sùúrù |
| Tépù fóòmù lásán | Kì í pẹ́ | Ó mọ níwọ̀n | Ó ń rọ̀, ó ń yọ̀ | Ó ń fi èérí sílẹ̀ |
| Súpà gúlù | Kò mú | Ó mú, ṣùgbọ́n ó ń sán | Kò dájú | Ó ń ba ojú ike jẹ́ |
| Epoxy | Kò mú | Ó mú gan-an | Ó yàtọ̀ síra | Kò ṣeé yọ |
| Silicone inú túùbù | Ó ń ṣí | Ó mọ níwọ̀n | Ó dáa jù | Àwọ̀ rẹ̀ kì í tán |
| Gẹ́ẹ̀lì alámùmọ́ra | Kò dúró bí ojú bá rí wínníwínní bí awọ | Ó dáa lójú dídán | Ó ń rọ̀ | Ó rọrùn jù |

Tépù olójú méjì: irú kan kọ́

Èyí ni mo fẹ́ràn jù, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ ọ́. Tépù fóòmù lásán, èyí tó funfun, tó rí fúlẹ́fúlẹ́, tó sábà máa ń bá họ́dà wá nínú páálí, ní gọ́ọ̀mù rọ́bà lójú méjèèjì. Ó máa ń mú kíákíá, ẹni tó bá fọwọ́ kàn án á ní ó ti parí. Ṣùgbọ́n bí oòrùn bá pa á, gọ́ọ̀mù rọ́bà yẹn ń rọ̀ bí àtè ẹyẹ, fóòmù náà sì ń ya láàárín.

Tépù fóòmù acrylic yàtọ̀ sí i pátápátá. Ilé iṣẹ́ 3M ló gbé èyí tí a mọ̀ sí VHB jáde ní ọdún 1980, àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn náà sì ń ṣe irú tiwọn báyìí. Acrylic ni fóòmù náà jẹ́ látìbẹ̀rẹ̀ dópin, ó sì ń nà, ó ń padà, bí rọ́bà tó gbọ́n. Bí ọkọ̀ bá gbọ̀n, òun ló ń gba ìgbọ̀n náà sára, kò jẹ́ kó dé etí ibi tí bíbó ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí ike bá gbóná tó fẹ̀, tó tún tutù tó sún kì, tépù náà ń bá a lọ, ó ń bá a bọ̀.

Ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú nọ́ńbà wọn o. VHB 4910, èyí tó mọ́ gaara bíi gíláàsì, wà fún gíláàsì, irin àti ike tó fẹ́ràn gọ́ọ̀mù. Bí ẹ bá lẹ̀ ẹ́ mọ́ PP, ẹ máa dá a lẹ́bi láìnídìí. VHB 5952, èyí tó dúdú, tí ìnípọn rẹ̀ jẹ́ mílímítà 1.1, ni wọ́n ṣe fún oríṣiríṣi ojú, títí kan ọ̀pọ̀ ike tó ṣòro. Ó lè gbé inú ooru 93°C fún ìgbà pípẹ́, ó sì lè fara da 149°C fún ìgbà díẹ̀. Ìnípọn rẹ̀ tún ṣe pàtàkì, nítorí ojú dáṣíbọ́ọ̀dù sábà máa ń rí wínníwínní bí awọ. Tépù tín-ín-rín yóò kàn jókòó sórí òkè kéékèèké yẹn ni, èyí tó nípọn ló lè wọ inú kòtò wọn.

Báwo ló ṣe yẹ kó tóbi tó? Ìlànà tí wọ́n ń lò fún ẹrù tó dúró sójú kan ni nǹkan bí 55 cm² fún kílógíráàmù kan. Fóònù 200 gíráàmù pẹ̀lú họ́dà 150 gíráàmù jẹ́ 350 gíráàmù, nítorí náà kò gbọ́dọ̀ dín sí 19 cm². Èmi a máa lọ sí ìlọ́po méjì rẹ̀ nítorí kòtò ojú ọ̀nà. Fún tábúlẹ́ẹ̀tì, n kò ní gbára lé tépù nìkan.

Nǹkan tó ń ba tépù dáadáa jẹ́ jù ni ìkánjú. Ní ooru inú yàrá, VHB ń ní ìdajì agbára rẹ̀ lẹ́yìn nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún lẹ́yìn wákàtí 24, kò sì pé títí di wákàtí 72. Ẹni tó bá lẹ̀ ẹ́ láàárọ̀, tó gbé fóònù sí i lọ́sàn-án, ti ń bó o kó tó mú. Ẹ lẹ ìdí họ́dà nìkan, kí ẹ yọ ọrùn rẹ̀ sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta.

Súpà gúlù àti epoxy

Ọdún 1942 ni Harry Coover kọ́kọ́ bá cyanoacrylate, ohun tí à ń pè ní súpà gúlù, pàdé, níbi tó ti ń wá ike tó mọ́ gaara fún ojú ìfojúsùn ìbọn. Ó pa á tì nítorí pé gbogbo nǹkan ló ń lẹ̀ mọ́. Ọdún 1958 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í tà á. Ohun tó dáa ni, bí ife amọ̀ bá fọ́. Lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, àléébù rẹ̀ pọ̀: ó ń gan, kì í nà, kò mú PP láìsí oògùn ìpalẹ̀mọ́ rẹ̀, púpọ̀ nínú wọn sì ń rẹ̀wẹ̀sì bí ooru bá ti ń sún mọ́ 80°C. Àbàwọ́n funfun tó bà sójú ike mi, èéfín rẹ̀ ló fà á. Èéfín náà ń fò sókè kó tó gbẹ, ó ń balẹ̀ yí ibẹ̀ ká, ó sì ń gan síbẹ̀. Ohun kan tún wà tó yẹ kí gbogbo ènìyàn mọ̀: ẹ má fi òwú tàbí aṣọ òwú nu ún nígbà tó ṣì tutù, nítorí ó ń gbóná lójijì lára òwú débi pé ó lè jó ọwọ́.

Epoxy alápòpọ̀ méjì le jù ú lọ, ó sì mú ABS dáadáa bí ẹ bá fi sáńpépà ha ojú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni ó fẹ́ fi sáńpépà ha dáṣíbọ́ọ̀dù? Lójú PP, ó máa ń ṣí bí ìpẹ́ ni, odindi. Lójú ABS, kò ní ṣí mọ́, ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ yọ họ́dà náà ni ẹ óò mọ̀ pé ike ló máa fọ́ kí epoxy tó gbà. Ibi tí mo lè gbà á láàyè ni bí ẹ bá fẹ́ tún họ́dà fúnra rẹ̀ ṣe, nígbà tó bá kán.

Gọ́ọ̀mù ọ̀pá, èyí tí wọ́n ń fi ìbọn yọ́, kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó máa ń rọ̀ láàárín 60 sí 80°C. Dáṣíbọ́ọ̀dù ń dé ibẹ̀.

Silicone àti polyurethane

Silicone inú túùbù ló ń fara da ooru jù nínú gbogbo wọn. Púpọ̀ nínú wọn kọjá 150°C dáadáa. Ó ń rọ́jú, ó ń nà, ó sì mú gíláàsì gan-an. Ìdí tí n kì í fi í lò lójú dáṣíbọ́ọ̀dù ni pé PP kò gbà á, àti pé lẹ́yìn tí ẹ bá ti ha á kúrò, àwọ̀ tín-ín-rín kan ń ṣẹ́kù tí kò ní jẹ́ kí tépù mìíràn lẹ̀ mọ́ ibẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú silicone ti ti ilẹ̀kùn mọ́ gbogbo ohun tó kù.

Polyurethane ni àwọn oníṣẹ́ fi ń lẹ gíláàsì iwájú mọ́ ara ọkọ̀. Ẹ lè fojú inú wo bó ṣe lágbára tó. Ó pọ̀ ju ohun tí fóònù nílò lọ, kò sì ṣeé yọ ní mímọ́.

Gẹ́ẹ̀lì alámùmọ́ra àti ife afàfẹ́fẹ́

Àwọn tí ọkọ̀ kì í ṣe tiwọn, tàbí tí wọ́n ń gbé fóònù láti ọkọ̀ kan sí òmíràn, ni mo kọ apá yìí fún. Ife rọ́bà tó ń fa afẹ́fẹ́ jáde kò ní gọ́ọ̀mù kankan. Afẹ́fẹ́ ayé ló ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ní nǹkan bí kílógíráàmù kan fún cm² kọ̀ọ̀kan. Ife tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 7 ní ojú 38 cm², èyí túmọ̀ sí pé lójú gíláàsì tó mọ́, bí kò bá sí afẹ́fẹ́ rárá nínú rẹ̀, ìwọ̀n tó lé ní kílógíráàmù 35 ló ń dì í mú. Lójú ike wínníwínní, afẹ́fẹ́ ń gba àárín àwọn òkè kéékèèké náà wọlé, ó sì ń já láàárín wákàtí díẹ̀. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń fi gẹ́ẹ̀lì sí ìdí àwọn ife tuntun, kí gẹ́ẹ̀lì lè dí àwọn àlàfo yẹn.

Bí gẹ́ẹ̀lì bá ti kó eruku, ẹ fi omi lásán fọ̀ ọ́, kó gbẹ fúnra rẹ̀, yóò padà bọ̀ sípò. Ẹ má fi aṣọ nù ún. Nínú oòrùn gbígbóná, gẹ́ẹ̀lì máa ń rọ̀, ó sì lè fi àmì róbótó sójú ike rírọ̀. Nítorí náà, bí òfin ibi tí ẹ ti ń wakọ̀ bá gbà yín láàyè, gíláàsì iwájú, ní ìsàlẹ̀, níbi tí kò ní dí ojú ọ̀nà, dára fún un ju dáṣíbọ́ọ̀dù lọ.

Velcro àti Dual Lock kì í ṣe gọ́ọ̀mù, ìkọ́ ni wọ́n. Gọ́ọ̀mù ẹ̀yìn wọn ni ẹ óò máa fi wé àwọn tó kù. Ẹ béèrè èyí tó ní gọ́ọ̀mù acrylic. Wọ́n dára fún kámẹ́rà tàbí GPS tí ẹ fẹ́ máa yọ lálẹ́.

Bí ojú dáṣíbọ́ọ̀dù bá rọ̀

Ẹ má lẹ ohunkóhun mọ́ awọ ẹran. Gọ́ọ̀mù tó bá mú un yóò ya á nígbà yíyọ. PVC rírọ̀ náà ní wàhálà tirẹ̀: òróró tí wọ́n fi mú un rọ̀ ń jáde díẹ̀díẹ̀, ó ń wọ inú gọ́ọ̀mù, gọ́ọ̀mù á sì di ọ̀yọ́yọ̀ lẹ́yìn oṣù díẹ̀. Fún irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, họ́dà tó ń há sí àlàfo àárín ike méjì, tàbí èyí tó ń kọ́ mọ́ ẹnu afẹ́fẹ́ AC, sàn ju gbogbo ohun tí mo ti kọ sókè lọ.

Ibi tí a kì í lẹ nǹkan mọ́

Ibikíbi tí ẹ bá rí AIRBAG tàbí SRS tí wọ́n kọ sí, ẹ fi í sílẹ̀. Bí ọkọ̀ bá kọlu nǹkan, báàgì inú ibẹ̀ ń bẹ́ jáde kí ènìyàn tó ṣẹ́jú, họ́dà tó bá wà lójú rẹ̀ yóò fò tààrà sí ojú ẹni tó jókòó síbẹ̀. N kò mọ ọ̀nà tí mo lè gbà sọ èyí kó le tó bó ṣe yẹ. Bí kò bá sí àyè mìíràn ju ibẹ̀ lọ, ẹ fi fóònù sínú àpò kí ẹ máa gbọ́ ohùn rẹ̀.

Bí mo ṣe ń lẹ̀ ẹ́

Omi àti ọṣẹ ni mo kọ́kọ́ fi ń fọ ibẹ̀, lẹ́yìn náà isopropyl, irú ọtí kan tí a fi ń nu nǹkan mọ́, tí a fi omi là, láti ìdajì-ìdajì dé 70 sí 30. Aṣọ mímọ́ kan ni mo fi ń nù ún lọ sí apá kan ṣoṣo, n kì í nù ún lọ-bọ̀, nítorí pé lílọ-bíbọ̀ ń kó òróró padà síbẹ̀ ni. Mo tún ń fi aṣọ kejì ṣe é. Bó bá jẹ́ PP ni, mo ń fi oògùn ìpalẹ̀mọ́ tó ń jẹ́ 3M Primer 94 pa á ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ níbi tí tépù yóò bò nìkan, nítorí ó lè fi àmì sílẹ̀. Ooru láàárín 21 sí 38°C ló dára jù. Bí ọkọ̀ bá tutù ju 10°C lọ, gọ́ọ̀mù náà le jù láti tẹ́. Mo ń fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kì í ṣe fífọwọ́ kàn án, mo sì ń fọwọ́ sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta.

Nígbà yíyọ, ẹ fi ẹ̀rọ ìgbẹrun mú un gbóná díẹ̀, kí ẹ wá fi okùn ìfọyín tàbí okùn ìpẹja rẹ́ fóòmù náà láàárín, bí ẹni ń fi ayùn rẹ́ igi. Èyí tó kù lójú ike, ẹ fi àtàǹpàkò yí i títí yóò fi ká jọ, kí ẹ sì fi isopropyl nu ìyókù. Ẹ má fi acetone kan ABS, ó ń yọ́ ọ. Ẹ má sì fi pẹtiróòlù ṣe é, nítorí òórùn rẹ̀ nínú ọkọ̀ tí a ti pa léwu, ó sì ń mú kí àwọn ike kan sán wínníwínní.